Ipa wo ni ìyá tó lọ fún ìsinmi ìbímọ ń kó nínú ọrọ̀ ajé, ta ló sì yẹ kó san owó oṣù rẹ̀?

Ìbéèrè: Akọ̀wé Owó Oṣù, Ìbàdàn

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Èmi ni mo ń ṣètò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aládàáni kan tí ó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Títí di ìsinsìnyí, oṣù mẹ́ta ni a fi ń fún obìnrin tó bá bímọ ní ìsinmi, a sì ń san owó oṣù rẹ̀ pé. Ní ìpàdé àwọn alákòóso tó kọjá, ẹnìkan nínú wọn sọ pé owó tó ń wọgbó ni, pé ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ kò mú ohunkóhun wọlé, àti pé ó yẹ kí a dín owó náà kù sí iye tí òfin là sílẹ̀. Ẹlòmíràn tún fi kún un pé láti ìsinsìnyí lọ, kí a máa rò ó dáadáa kí a tó gba ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó síṣẹ́. Ọ̀gá àgbà kò fara mọ́ ọn, kò sì takò ó. Ó ní kí n kọ ìwé kan tí yóò sọ ohun tí ìsinmi náà ń ná wa àti ohun tí ó ń mú wá.

Ohun tó ń ná wa kò ṣòro láti ṣírò, nítorí ó wà nínú ìwé owó oṣù. Apá kejì ni mo ń wá ìrànlọ́wọ́ lé lórí. Àwọn obìnrin tó ti gba ìsinmi yìí rí lọ́dọ̀ wa wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì sọ nípa wọn ní ìpàdé náà dùn mí gidigidi, ṣùgbọ́n n kò lè kọ ìbínú mi sínú ìwé kí n pè é ní ìṣirò. Kí ni òfin Nàìjíríà sọ gan-an? Báwo ni a ṣe ń ka èrè tí kò hàn lójú ẹsẹ̀? Ǹjẹ́ ibì kan wà tí ẹrù yìí kò ti dá lé agbanisíṣẹ́ nìkan lórí?

Agbẹjọ́rò, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, arábìnrin wa. Ẹ jẹ́ kí n mú ti òfin, nítorí ọ̀pọ̀ alákòóso ló ń dárúkọ òfin láìtíì kà á. Abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ló sọ̀rọ̀ lórí èyí. Obìnrin tó bá mú ìwé dókítà wá pé ó ṣeé ṣe kí òun bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i ní ẹ̀tọ́ láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tó bá bímọ. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà láìdúró kí ó tó lọ, owó tí wọn yóò máa san fún un kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Bí ó bá padà tó sì ń fún ọmọ lọ́mú, ó ní ẹ̀tọ́ sí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín àkókò iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìwé ìyọniníṣẹ́ sí i nígbà tó wà nínú ìsinmi náà.

Ibi tó kéré jù tí òfin gbà nìyẹn. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún pẹ̀lú owó oṣù kíkún, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ti sún un dé oṣù mẹ́fà ní ọdún 2014 fún ìbí méjì àkọ́kọ́, tí wọ́n tún fún àwọn bàbá ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Nítorí náà, iléeṣẹ́ yín kò tíì ṣe ohun tó pọ̀jù.

Ní ti ìmọ̀ràn kejì, pé kí a máa yẹra fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín gbangba pé ó léwu. Abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa kọ ìdẹ́yẹsí nítorí jíjẹ́ obìnrin, àtúnṣe kẹta tí wọ́n sì ṣe sí ìwé òfin náà ní ọdún 2010 fún Ilé-ẹjọ́ Àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní agbára lórí ìdẹ́yẹsí níbi iṣẹ́.

Aṣírò Owó tó ti fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, ìṣirò tí wọ́n ṣe ní ìpàdé yín kò kún. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n wò, wọn kò wo ọdún tí obìnrin náà yóò fi ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní owó oṣù òṣìṣẹ́ kan jẹ́ ₦200,000. Bí ẹ bá san án pé fún oṣù mẹ́ta, ₦600,000 ni. Bí ẹ bá san ìdajì, ₦300,000 ni. Gbogbo ohun tí àwọn alákòóso yín fẹ́ dá dúró lórí òṣìṣẹ́ yìí kò ju ₦300,000 lọ. Wàyí o, ká ní obìnrin náà rí i pé ẹ kò ka òun sí, tó sì wá iṣẹ́ sí ibòmíràn. Ẹ ó wá ẹlòmíràn, ẹ ó kọ́ ọ níṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní dín. Bí ẹni tuntun náà bá lo oṣù mẹ́rin kó tó mọwọ́ iṣẹ́, tó jẹ́ pé ìdajì iṣẹ́ ni ó ń ṣe láàárín oṣù wọ̀nyí, ₦400,000 ti lọ láìsí ohun tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. N kò tíì ka àkókò ẹni tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, n kò sì ka àṣìṣe tí ẹni tuntun máa ń ṣe, èyí tí ó lè ba odidi ọjà jẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń po oúnjẹ adìyẹ.

Ẹ wá na ojú síwájú sí i. Obìnrin tó bá fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́, tó bí ọmọ méjì láàárín rẹ̀, tó sì gba oṣù mẹ́ta mẹ́ta, oṣù mẹ́fà ni ó lò nínú oṣù 360. Ìdá kan nínú ọgọ́ta ni. Oṣù 354 yòókù ni ó fi ń ṣiṣẹ́, tó ń san owó orí, tó ń ra ọjà, tó ń san owó ilé-ìwé, tó sì ń dá owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀. Ẹni tó bá ka ìdá kan yìí tí kò ka mọ́kàndínlọ́gọ́ta tó kù kò tíì ṣírò ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì yìí gan-an yẹ kó wà nínú ìwé yín, nítorí ènìyàn kì í sábà rántí rẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ náà ń dá ìdá mẹ́jọ. Bí a bá gbà pé orí gbogbo owó oṣù ni ẹ ti ń ṣírò rẹ̀, ₦36,000 ni ó ń wọ àpò rẹ̀ lóṣù. Bí ẹ bá dá owó oṣù sí méjì fún oṣù mẹ́ta, ₦54,000 ti kúrò nínú àpò náà, àti gbogbo èlé tí ì bá ti mú wá kí obìnrin náà tó di arúgbó. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́ lónìí, òun ni yóò san án lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń rò pé obìnrin tó wà nílé kò mú nǹkan wá ni pé ìṣirò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè pàápàá kì í rí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá gba ọmọ-ọ̀dọ̀ láti tọ́jú ìkókó, owó ọmọ-ọ̀dọ̀ náà jẹ́ ohun tí a ń kà mọ́ ọrọ̀ ajé. Bí òun fúnra rẹ̀ bá tọ́jú ọmọ náà tọ̀sán-tòru, a kò kà á mọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni. Ọmọ tí ó ń tọ́jú yìí ni òṣìṣẹ́ àti olùsanwó-orí ọjọ́ iwájú. Ní Norway, nígbà tí wọ́n sọ ìsinmi ìbímọ di ohun tí a ń sanwó fún ní oṣù Keje ọdún 1977, àwọn onímọ̀ tẹ̀lé àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìyípadà náà títí wọ́n fi dàgbà, wọ́n sì rí i pé iye àwọn tó ń fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìparí nínú wọn kéré sí ti àwọn tí a bí ṣáájú, àti pé owó tó ń wọlé fún wọn ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé ti àwọn yẹn.

Claudia Goldin ti Yunifásítì Harvard, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọrọ̀ ajé ní ọdún 2023, fi hàn pé ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ọkùnrin àti ti obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí obìnrin bá bí àkọ́bí rẹ̀. Kì í ṣe pé ọpọlọ rẹ̀ dín kù tàbí pé ó di ọ̀lẹ. Ipò tí ó wà ní ibi iṣẹ́ ni ó yí padà.

Òǹtẹ̀wé, Ṣómólú

Bàbá, mo fi ọ̀wọ̀ tí ó yẹ yín hàn, mo sì gba ohun tí ẹ sọ nípa iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi náà. Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní, àwọn òṣìṣẹ́ mi kò pọ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló sì mọ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya iṣẹ́ sílẹ̀ kí a tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ. Obìnrin ni. Nígbà tó bímọ, mo san owó oṣù rẹ̀, mo sì tún ń sanwó fún ẹni tí mo bẹ̀ láti máa bá mi ṣe iṣẹ́ náà. Owó méjì lórí iṣẹ́ kan, ní àkókò tí iná mọ̀nàmọ́ná kò dúró, tí owó díísù àti owó bébà sì ń lọ sókè. Àwọn oníbàárà kan kò lè dúró, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọn kò sì padà.

N kò kábàámọ̀ pé mo san án, nítorí ọmọ ènìyàn ni, èmi náà sì ní ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọdún, èmi kò mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ mi yóò lo ọdún méjì sí i lọ́dọ̀ mi. Orílẹ̀-èdè ni yóò jẹ èrè ọmọ tó dàgbà dáadáa. Agbanisíṣẹ́ mìíràn lè jẹ èrè ìmọ̀ tí obìnrin náà ní. Èmi nìkan ni mo san owó. Bí wọ́n bá ṣòfin lọ́la pé oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó kíkún ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ fún wọn, ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé kékeré tó wà ní àdúgbò yìí kò ní gba obìnrin mọ́, wọn kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Kétu, Kútọnu

Ẹ̀gbọ́n mi òǹtẹ̀wé, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ẹ fọwọ́ bà, mo sì rò pé a ti rí ìdáhùn kan sí i ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni ìsinmi ìbímọ, mẹ́fà ṣáájú ìbí àti mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, owó oṣù obìnrin náà kì í sì í dín. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ kò dá a san. Ìdajì rẹ̀ ń ti àpò CNSS wá, ìyẹn àpò ìrànlọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè wa, èyí tí gbogbo agbanisíṣẹ́ ń dá owó sí lóṣooṣù, yálà wọ́n ní aboyún lọ́dọ̀ wọn tàbí wọn kò ní. Bákan náà ni ó rí ní Togo.

Àwa Yorùbá mọ àjọ dáadáa. Ẹni tó kó àjọ ní oṣù yìí kò jalè. Àwọn yòókù ti kó tiwọn tàbí wọn yóò kó o. Ohun tí a ṣe nìyẹn pẹ̀lú owó ìbímọ, òun sì ni ìdí tí gbígba obìnrin síṣẹ́ kò fi ń dẹ́rù ba oníṣòwò kékeré níbí tó bí ó ṣe ń dẹ́rù bà á lọ́dọ̀ yín. N kò sọ pé gbogbo nǹkan gún. Ìwé tí wọ́n ń béèrè pọ̀, owó náà a sì máa pẹ́ kó tó jáde nígbà mìíràn. Síbẹ̀, agbanisíṣẹ́ mọ̀ pé ìdajì ni òun yóò gbé.

Àdéhùn Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ti ọdún 2000, tó jẹ́ nọ́ńbà 183, sọ ọ̀rọ̀ yìí kedere: kí ìsinmi má dín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, kí owó má dín ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ó sì jẹ́ pé láti inú àpò àjùmọ̀dá tàbí ti ìjọba ni owó náà yóò ti máa wá, kí agbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan má baà dá a gbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ka àdéhùn náà ń ka iye ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń fo ibi tó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò sanwó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ó ń dáàbò bo obìnrin jù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ọmọ Kétu. Níbí, obìnrin lè gba ìsinmi títí dé ọ̀sẹ̀ 52, a sì ń sanwó fún ọ̀sẹ̀ 39 nínú rẹ̀: ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà iye kan tí ìjọba dá, tí kò pọ̀. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san án fún un, ṣùgbọ́n ó ń gba ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún padà lọ́wọ́ ìjọba, àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké sì ń gba gbogbo rẹ̀ padà pẹ̀lú àlékún díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1993 fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjìlá láìsí owó rárá, nínú àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, àwọn tó ní òṣìṣẹ́ àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ni ó sì dè. Àwọn ìbátan wa tó wà níbẹ̀ máa ń padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ara wọn kò tíì yá, nítorí owó ilé kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Aṣírò Owó tó ti fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta

Mo gba ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀wé, mo sì dúpẹ́ pé ó sọ ọ́. A ti ní irú àpò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà fún nǹkan mìíràn. Lábẹ́ òfin ọdún 2010, gbogbo agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, kí ẹni tó bá farapa tàbí tó kú lẹ́nu iṣẹ́ má baà di ẹrù agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo. Kò sí ìdí tí a kò fi lè ṣe irú rẹ̀ fún ìbímọ.

Kí ìjọba tó ṣe é, iléeṣẹ́ tiyín lè bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ yín pa pọ̀ bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà náírà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦60,000 lóṣù, ₦720,000 lọ́dún. Ó ti tó san ìsinmi oṣù mẹ́ta fún ẹni tó ń gba ₦200,000, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Owó tí a ti ń yọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kì í dà bí òfò nígbà tí àkókò rẹ̀ bá dé. Ní ti àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú, ẹgbẹ́ wọn lè jọ dá irú owó bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Agbẹ̀bí, Òṣogbo

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìwé náà sọ̀rọ̀ nípa ara pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ ṣì lè ya, ẹ̀jẹ̀ ríru lè gbé obìnrin ṣánlẹ̀, ojú iṣẹ́ abẹ sì lè má tíì jiná. A tún ń sọ fún àwọn abiyamọ pé kí wọ́n fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé ṣe là á sílẹ̀; lẹ́yìn náà a ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tàbí oṣù kẹta. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 lórí ogún orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ rí i pé níbi tí oṣù kan bá ti kún ìsinmi ìbímọ tí a ń sanwó fún, ikú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan dín kù ní nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tí kò ṣàìsàn kì í fa ìyá rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ sí ọsibítù ní gbogbo ìgbà, àwọn alákòóso yín lè fi ìyẹn náà kún ìṣirò wọn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ níbí. Ó ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà tí kò ní ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kankan. Obìnrin tó ń ta ata ní Ọjà Ọba kò ní ìsinmi, kò ní ìdajì owó oṣù, kò ní ẹni tí yóò fún un ní ìwé. Nígbà tó bá bímọ, owó ọjà rẹ̀ ni yóò máa jẹ; nígbà tí ó bá fi máa jáde lẹ́yìn ogójì ọjọ́, owó tí ó fi ń ra ọjà ti tán, yóò sì tún lọ yá owó èlé láti bẹ̀rẹ̀. Mo rí wọn tí wọ́n ń gbé ìkókó pọ̀n lọ sọ́jà nígbà tí ó yẹ kí wọ́n wà lórí ẹní. Àwọn wọ̀nyí ló ń bọ́ ìlú. Bí a bá fẹ́ dá àpò kankan sílẹ̀, ó yẹ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ọlọ́jà lè wọ inú rẹ̀, kí ẹni tó ń dá owó díẹ̀ lọ́sẹ̀ lè rí nǹkan gbà fún oṣù tí kò ní jáde.

Akọ̀wé Owó Oṣù, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Bàbá wa ní Abẹ́òkúta àti òǹtẹ̀wé tí kò fi òtítọ́ pa mọ́. Ohun tí n ó kọ ni pé kí a má dín owó oṣù náà kù, kí a máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ lóṣooṣù, kí a sì kọ́ ẹni méjì ní iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ má baà dúró nítorí ẹnìkan. N ó fi ìṣirò oṣù 360 síwájú, n ó sì fi ọ̀rọ̀ òfin nípa ìdẹ́yẹsí sí ibi tí ẹni tó mú ìmọ̀ràn yẹn wá yóò ti rí i.

Ìbéèrè kan ló kù fún agbẹjọ́rò wa. Àwọn òṣìṣẹ́ wa kan ń gbé ní ìhà Ọ̀jọ́ọ̀, iléeṣẹ́ sì jìnnà síbẹ̀. Ààbọ̀ wákàtí kò tó wọn láti lọ fún ọmọ lọ́mú kí wọ́n sì padà. Ǹjẹ́ a lè pa ààbọ̀ wákàtí méjèèjì pọ̀, kí wọ́n fi wákàtí kan tètè lọ sílé?

Agbẹjọ́rò, Àkúrẹ́

Òfin sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, kò sì yẹ kí agbanisíṣẹ́ fipá mú obìnrin láti pa á pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló béèrè fún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i, kí ẹ tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè padà sí ẹ̀ẹ̀mejì nígbàkigbà tó bá fẹ́. Bí ẹ bá ní yàrá kan tó mọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, tó sì ní fíríìjì, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ fún ọmú pa mọ́ kí wọ́n sì gbé e lọ sílé.